Àrùn Ọkàn Inú Ìdílé Kì í Ṣe Ohun Àfipamọ́

Bí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le bá ṣubú lulẹ̀ lójijì, tí ó sì kú kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ́kọ́ sọ ni pé ayé ló ṣe é. Bí obìnrin bá bí ọmọ tí ètè àti èékánná rẹ̀ dú bí aró, tí kò lè mu ọmú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó máa mí hẹlẹhẹlẹ, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò dojú ìbéèrè kọ: kí ni ó jẹ, níbo ni ó rìn lọ lọ́sàn-án gangan, ta ni ó ṣẹ̀? Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé kan náà, ariwo yóò rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ pé nǹkan kan ń bẹ nínú ilé wọn. Àwa náà wí lónìí, láìfi epo bọ iyọ̀, pé nǹkan lè wà nínú ilé bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan náà kò ní ìyẹ́, kì í sì í fò lóru. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, ojú àwọn onímọ̀ ti tó o, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni a ó sì gbà là bí a bá lè jáwọ́ nínú fífi í pamọ́.

Ohun tí a ń wí yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní jíìnì. Ó dàbí ìwé àṣẹ tí a kọ sínú àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí a fi mọ ara ènìyàn, tí ó ń sọ bí ojú yóò ti rí, bí egungun yóò ti gùn tó, àti bí ẹ̀jẹ̀ yóò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 20,000 ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹ̀dà méjì-méjì ni a sì ní nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí ní ọ̀nà tiwọn láti ìgbà pípẹ́, nítorí àwọn ni wọ́n wí pé ẹni bíni là á jọ. Ohun tí kò hàn sí ojú lásán ni pé bí ọmọ ti lè jogún imú baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè jogún àbùkù tí ó fara sin sínú ọkàn baba náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń kọ́ ọkàn ọmọ nínú oyún. Nígbà tí oyún bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ìgbà tí ó ti dúró, tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun ti fẹ́ra kù, ọkàn ọlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ní àkókò yìí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò lásán ni. Ọ̀pá náà yóò tẹ̀, yóò ká, ògiri yóò hù láàrin rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi tó ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ti di ilé oníyàrá mẹ́rin tí ó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin tí ń ṣí, tí ń tì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ni ó ń pàṣẹ iṣẹ́ ìkọ́lé yìí, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ti ń ṣe tirẹ̀ kí ó tó fi ilé sílẹ̀ fún káfíńtà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kùnà, tàbí bí ó bá pẹ́ dé, ilé náà yóò dúró, ṣùgbọ́n ògiri kan lè má dé òkè, ìlẹ̀kùn kan sì lè má tì dáadáa.

Ní ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ rí i lára irú eṣinṣin kékeré kan tí ń bà lé èso pé bí jíìnì kan báyìí kò bá sí, eṣinṣin náà kì í ní ọkàn rárá. Wọ́n wá ìbátan jíìnì yìí lára ènìyàn, wọ́n rí i, NKX2-5 sì ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1998 ó hàn gbangba pé ìdílé tí àbùkù bá wà nínú jíìnì yìí a máa bí ọmọ tí ihò wà nínú ògiri ọkàn rẹ̀, tí ìlù ọkàn rẹ̀ sì ń falẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ọdún kan ṣáájú èyí ni wọ́n rí òmíràn, TBX5, tí àbùkù rẹ̀ ń ba ọkàn àti ọwọ́ jẹ́ pọ̀: ọmọ lè ṣàìní àtàǹpàkò tí ó pé, kí ihò sì wà nínú ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú Down syndrome, tí ìdìpọ̀ jíìnì kan lé lára wọn, nǹkan bí ìdajì wọn ni ọkàn wọn ní àbùkù.

Nínú 100 ọmọ tí a ń bí láyé, bí ọ̀kan ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn. Ìran kankan kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe olówó tàbí tálákà. Jíìnì nìkan kọ́ sì ni ó ń fà á. Ní ọdún 1941 ni dókítà ojú kan ní Ọsirélíà, Norman Gregg, kíyè sí i pé àwọn ìyá tí àrùn rubella mú nígbà tí oyún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ń bí ọmọ tí ojú wọn àti ọkàn wọn kò pé. Ìtọ̀ súgà tí a kò tọ́jú lè fa irú ìpalára bẹ́ẹ̀, ọtí líle pẹ̀lú. Àwọn mìíràn sì wà tí àbùkù jíìnì wọn kò sí lára baba, kò sí lára ìyá, tí ó jẹ́ pé àṣìkọ ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ń da àṣẹ náà kọ fún ọmọ. Nítorí náà ni a fi ń bẹ àwọn ọkọ àti àwọn ìyá ọkọ pé kí wọ́n yé fi ẹ̀sùn kan obìnrin tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń sunkún lórí ọmọ rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a tún ń bá ṣẹjọ́.

Àwọn àbùkù kan wà tí kì í farahàn ní ìgbà èwe. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kú. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ẹran ọkàn rẹ̀ ti nípọn ju bí ó ti yẹ lọ. Irú àrùn yìí ń bẹ lára bí ẹnì kan nínú 500 ènìyàn, inú ìdílé ni ó sì sábà ń ti wá; ní ọdún 1990 ni a kọ́kọ́ rí jíìnì kan tí ń fà á. Bí baba tàbí ìyá bá ní irú rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá bí dàbí ẹni tí ó ju kọ́bọ̀ sókè: bí ojú kan bá balẹ̀, ó jogún rẹ̀; bí ojú kejì bá balẹ̀, ó bọ́. Bákan náà ni àrùn tí kì í jẹ́ kí ara lè kó ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹnì kan nínú 250 ni ó ní in, ọ̀rá náà a sì máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn nígbà tí ẹni náà kò tíì darúgbó. Michael Brown àti Joseph Goldstein ni wọ́n tú àṣírí rẹ̀, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985. Oògùn oníhóró wà fún àrùn yìí lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in kò ní lò ó.

Àwọn òǹkàwé wa kò ní gbàgbé Samuel Okwaraji, tí ó ṣubú ní pápá ìṣeré ìjọba ní Sùúrùlérè, ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wa. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Lẹ́yìn ikú ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ẹ wá fi èyí wé ọ̀rọ̀ Nwankwo Kanu. Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter ti ìlú Milan yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kan kò dára. A ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó padà sórí pápá ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó sì gbá gòólù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi gba ife FA ní ọdún 2008. Láti ọdún 2000 ni àjọ tí ó dá sílẹ̀ ti ń ran àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò pé lọ́wọ́. A yẹ ọ̀kan wò lẹ́yìn ikú, a yẹ ìkejì wò kí ikú tó dé. Nínú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ wà.

Àwa Yorùbá kò ṣe àjèjì sí irú ìmọ̀ yìí. Lónìí, kò sí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ gbéyàwó tí kò mọ ohun tí AA, AS àti SS jẹ́. Bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so yìgì láìkọ́kọ́ bèèrè ìwé àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń pa ń jẹ́ àbíkú, tí a ń fi abẹ sàmì sí òkú wọn lára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó gba àwọn òbí lọ́wọ́ ẹ̀rù náà. Bí a bá lè kọ́ èyí ní ti ẹ̀jẹ̀, a lè kọ́ ọ ní ti ọkàn pẹ̀lú.

A mọ ohun tí ó mú kí àwọn ẹbí máa fi àrùn pamọ́. Kí a tó fẹ́ ìyàwó ní ilẹ̀ wa, a máa ń wádìí ìdílé: ṣé wọn kì í ya wèrè, ṣé wọn kì í dẹ́tẹ̀, ṣé wọn kì í kú ikú òjijì? Nítorí ìwádìí yìí ni baba ṣe ń dákẹ́, kí ọmọbìnrin rẹ̀ má baà dàgbà sí ilé rẹ̀. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìwádìí náà. Ọgbọ́n àgbà ni. Ṣùgbọ́n ó tó àkókò kí a yí ohun tí a ń fi ṣe padà. Kò sí ìdílé tí kò ní àbùkù kan tàbí òmíràn nínú jíìnì rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń wá ìyàwó tí kò ní rárá, àpọ́n ni yóò kú. Ẹ jẹ́ kí ìwádìí wa di èyí tí a fi ń mọ ẹni tí ó yẹ kí dókítà yẹ̀ wò, kí ó yé jẹ́ èyí tí a fi ń lé ènìyàn sẹ́yìn.

Àwọn kan yóò wí pé bí ó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé àyànmọ́ ni, kò sì gbóògùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn tí ó lé ní 55,000. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tí jíìnì wọn gbé ewu tí ó pọ̀ jù, àwọn tí kì í mu sìgá, tí wọn kò sanra jọ̀kọ̀tọ̀, tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá, tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ aṣaralóore, ewu àrùn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn tiwọn dín ní nǹkan bí ìdajì sí ti àwọn tí ń gbé ìgbé-ayé ṣákálá. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń ba ọkàn jẹ́ jù lọ láàrin wa, náà ní ọwọ́ ìdílé nínú, síbẹ̀ oògùn ń ká a kò, iyọ̀ tí a bá dín kù ń ràn wá lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba àti àwọn yunifásítì wa pẹ̀lú. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, láti mọ bí jíìnì àwọn ènìyàn ti yàtọ̀ síra. Ẹ̀jẹ̀ 270 ènìyàn ni wọ́n lò: àwọn ará Utah ní Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, àwọn ará Beijing ní Ṣáínà, àwọn ará Tokyo ní Jàpáàn, àti àwọn Yorùbá ìlú Ìbàdàn. Àwọn ará Ìbàdàn yìí jẹ́ 90, ìyẹn ni ọgbọ̀n ìdílé, baba, ìyá àti ọmọ. Láti ọdún 2005 tí àbájáde iṣẹ́ náà ti jáde, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ìwádìí jíìnì ńlá kan láyé tí kò tíì fi ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ṣe ẹ̀kọ́.

Àwọn ìbátan wa tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun náà ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́ ayé lọ́gbọ́n. Ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen rí i ní ọdún 2005 pé àwọn aláwọ̀ dúdú kan wà tí jíìnì wọn kan, PCSK9, kò ṣiṣẹ́, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi hàn pé ewu àrùn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn lára irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ fi 88 nínú 100 dín sí ti àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù. Láti inú ìmọ̀ yìí ni a ti ṣe oògùn tuntun tí ó bọ́ sọ́jà ní ọdún 2015, tí olówó ayé sì ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíìnì mìíràn wà, TTR. Oríṣi kan nínú rẹ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń bẹ lára bí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú 100 aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ó lè mú kí ọkàn le gan-an bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, àwọn dókítà a sì máa rò pé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn rẹ̀ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, owó rẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ sétí.

Kí ni ó padà wálé nínú gbogbo èyí? Nínú 100 ènìyàn tí a fi ń ṣe ìwádìí jíìnì ńláńlá láyé, àwọn tí ìran wọn jẹ́ ti Áfíríkà kò ju mẹ́ta lọ. Nítorí náà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ewu àrùn ọkàn, ara àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti gé e, kì í sì í wọn tiwa déédéé. Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó wà ní Ìbàdàn lónìí kì í rí àyẹ̀wò jíìnì ọkàn ṣe ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí ó gbin iṣu kò yẹ kí ó máa ra èlùbọ́ lọ́wọ́ àlejò.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀ jù. Èkíní, kí olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn òkú ilé rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ orí wọn, àti bí ikú wọn ti rí. Ilé tí ẹnì kan bá ti kú lójijì kí ó tó pé ọdún 50, kí àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ìlù ọkàn, kí a sì fi irú ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún wo ọkàn wọn. Èkejì, kí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ní ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ titun láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Amẹ́ríkà ti fi àyẹ̀wò yìí sínú èyí tí ó yẹ fún gbogbo ọmọ titun láti ọdún 2011. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wa ní yàrá àyẹ̀wò jíìnì àti àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò lè ṣàlàyé àbájáde rẹ̀ fún ẹbí ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀kẹrin, òfin ìdójútòfò ìlera ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ará ìlú wọ inú ètò náà. Kí iṣẹ́ abẹ ọkàn ọmọdé wà lára ohun tí yóò máa san owó rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, bí àjèjì bá tún wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa fún ìwádìí, kí yunifásítì wa má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan àfi bí a bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé oògùn tí ó bá ti ibẹ̀ jáde yóò dé ọ̀dọ̀ wa ní iye tí apá wa ká.

A gbọ́ ohun tí àwọn aláṣẹ yóò wí: ibà ń pa ọmọ, omi kò tó, ọ̀nà kò dára. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ ọkàn ọmọ titun wò, òun náà ni a fi ń mọ ọmọ tí òtútù àyà fẹ́ pa. Bíbéèrè lọ́wọ́ baba àgbà bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú kò sì ní owó kankan nínú.

Àwọn baba wa wí pé bí òwe bí òwe ni à ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n níí jó o. Ìlù ọkàn kì í pa òwe rárá. Ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe é fún ẹni tí ó bá fetí sí i. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan fetí sí i, kí ìjọba sì fi irinṣẹ́ tí a ó fi máa gbọ́ ọ sí ọwọ́ àwọn dókítà wa.